Àkọlé Ni Ojú Ìwé, Ẹ Má Fi Ìlà Bà Á Jẹ́ Mọ́



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi kálàmù kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a ti ń gbé sínú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nípa àkọlé ni.

Ẹ wo ìwé ìkéde tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́sáláásí wa. Ẹ wo ìwé ìpè sí nikáà àti sí wólíìmọ̀. Ẹ wo ìwé ẹ̀rí tí a ń fún àwọn ọmọ tí ó parí kéwú. Ẹ wo àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Inú ìwé náà lè dára gan-an. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè ti jókòó ti tírà fún odindi oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ńkọ́, níbi tí àkọlé wà? Lẹ́tà ńlá gbogbo, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Ìlà méjì ni wọ́n fà sí ìdí rẹ̀. Ó tẹ̀ sí apá kan bí ẹni tí oorun ń kùn. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kùn ún bí àga ìyàwó. A kò ní sọ pé àìlówó ni ó fà á, nítorí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é dáadáa ni wọ́n fi ṣe é báyìí. Àìbìkítà ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní àfáà kan fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ti ń pín dúkìá olóògbé, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun ti là á sílẹ̀ nínú Súrà An-Nisa, aaya 11 àti 12. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá tẹ àkọlé rẹ̀ báyìí pé: OGUN NINU ISLAM. Àfáà mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, ogún ni. Ẹni tí ń kọjá lọ kò sí nínú ọkàn àfáà. Ogun ni òun yóò kà. Ọdún mélòó ni a ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò wa pé ẹ̀sìn àlàáfíà ni ẹ̀sìn wa? Àwa náà ni a tún wá fi ọwọ́ ara wa kọ ogun gàdàgbà sí ara ògiri mọ́sáláásí. Ẹlòmíràn lè kà á sí Ògún, kí ó máa rò pé a fẹ́ bá àwọn alágbẹ̀dẹ ṣe ọdún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ETO OBINRIN. Ṣé ẹ̀tọ́ ni, èyí tí Ọlọ́hun fún obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ètò, èyí tí ẹgbẹ́ lè ṣe lónìí kí ó sì fagi lé lọ́la? Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ìyàtọ̀ ilé tí ó tòrò àti ilé tí ó dàrú ni. Wọ́n ń tẹ ILANA IWE sí orí ìwé ìwẹ̀ jánábà, ọmọ tí ó rà á yóò sì rò pé ìlànà ìwé kíkọ ni. Wọ́n ń tẹ ESIN WA. Ẹ̀sìn ni wọ́n fẹ́ wí. Ẹṣin náà ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀sín náà ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni ORO OLOHUN. Ọ̀rọ̀ ni, tàbí oró? Orò ni, tàbí ọrọ̀? Ọlọ́hun Ọba ni, tàbí olóhùn, ẹni tí ó ní ohùn orin? Ẹni tí ó bá ní àwàdà ni a ń ṣe, kí ó mú ìwé ìkéde mẹ́wàá tí ó wà nílé rẹ̀, kí ó kà wọ́n sókè létí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá nílé-ìwé.

Àwọn kan máa ń dá wa lóhùn pé, “Ẹ̀yin àfáà, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n.” Nínú ìwé, a gbà. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú àti ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí a bá kọ “ó pín ogun náà fún àwọn ọmọ rẹ̀”, kò sí ẹni tí yóò rò pé ìjà ni bàbá pín. Àkọlé kò ní aládùúgbò. Òun nìkan ni ó dá dúró lójú bébà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kò sí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi àmì ohùn du ìwé, ibi tí ẹ lè ti dù ú kẹ́yìn ni àkọlé. Ohun tí a ń ṣe ni òdìkejì. A rí ìwé tí wọ́n fi àmì sí gbogbo inú rẹ̀ láìku kan, tí orí rẹ̀ wá rí gbàjà láìsí àmì kankan, nítorí pé lẹ́tà ńlá ni.

Àwa Mùsùlùmí kọ́ ni ó yẹ kí a máa kọ́ ní èyí. Kí ni ó mú àmì wọ inú kíkọ èdè Lárúbáwá? Àwọn onímọ̀ gírámà ń ròyìn pé Abul Aswad Ad-Duali, ẹni tí ó kú ní ọdún 69 Hijra, gbọ́ ẹnìkan tí ó ń ka aaya kẹta nínú Súrà At-Tawbah. Onítọ̀hún yí ohùn kan ṣoṣo padà ní ìparí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí òjíṣẹ́. Ohun tí aaya náà ń sọ ni pé Ọlọ́hun àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀ṣẹbọ. Ohun tí ó ti ẹnu onítọ̀hún jáde ni pé Ọlọ́hun yọ ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀ṣẹbọ àti ti òjíṣẹ́ Rẹ̀! Ohùn kan péré. Ẹ̀rù ba Abul Aswad, ó sì gbà láti fi àmì sí tírà: ó fi tàdáwà aláwọ̀ mìíràn kán àmì sókè fún ohùn kan, sísàlẹ̀ fún èkejì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi àmì ya báù sọ́tọ̀ kúrò lára táù, ní ayé Al-Hajjaj. Lẹ́yìn náà ni Al-Khalil ọmọ Ahmad, ní ọ̀rúndún kejì Hijra, ṣe àwọn àmì fátíhà, kẹ́sírà àti dọ́mà tí àwọn ọmọ wa ń kọ sí wàláà títí di òní. Àwọn aṣáájú wa sá fún ìtumọ̀ tí ó lè wọ́ sí ibi tí kò yẹ. Àwa tí a jogún wọn ń tẹ ORO OLOHUN.

A ti gbọ́ èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ jẹ́ ti àwọn míṣọ́nnárì, pé kò kan Mùsùlùmí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ti ka Anjẹmi rí? Àwọn àfáà wa àtijọ́ fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, kọ wáàsí, kọ orin, kọ gbèsè. Ibi tí iṣẹ́ náà ti nira fún wọn ni pé àmì ohùn mẹ́ta péré ni Lárúbáwá ní. Wọn kò rí ọ̀nà tí ó rọrùn láti ya o sọ́tọ̀ kúrò lára ọ, tàbí e kúrò lára ẹ. Ohun tí àwọn bàbá wọ̀nyẹn ń wá tí wọn kò rí ni ẹ̀yin ń sọ nù.

Ìlà ìdí àkọlé

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń fa ìlà sí ìdí àkọlé kò mọ ibi tí àṣà náà ti wá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, tàìpúráítà, ni ó bí i. Lẹ́tà ara tàìpúráítà kì í tóbi ju bí wọ́n ti rọ ọ́ lọ, kì í ki, kì í sì í tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí àkọlé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yòókù, ọ̀nà méjì ni ó wà: kí ó fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, kí ó sì dá ẹ̀rọ padà láti fa ìlà sí i nídìí. Láti gbé e sí àárín, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a gbé ẹ̀rọ dé àárín bébà, wọn a ka lẹ́tà àkọlé náà, àti àyè àárín ọ̀rọ̀, wọn a sì tẹ bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan fún méjì méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Báírò ni wọ́n fi ń fi àmì ohùn sí i nígbà tí bébà bá jáde. Àwọn tí ó ní sùúrù kì í fò ó.

Lẹ́tà ńlá àti ìlà, nígbà náà, ohun tí àìní mú wa ṣe ni. Microsoft Word jáde ní ọdún 1983, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí kọ̀ǹpútà wọ àwọn ìlú wa. Lónìí, bọ́tìnì kan ni a ó tẹ̀ kí lẹ́tà ki, òmíràn kí ó tóbi, òmíràn kí ó bọ́ sí àárín. Kí wá ni ìlà tún ń wá? A ti sọ ẹrù kalẹ̀, ọrùn wa ṣì tẹ̀.

Ká ní kò ṣe ju pé kò wúlò lọ, a kì bá tí sọ̀rọ̀. Ó ń ṣe ibi. Yorùbá ní lẹ́tà mẹ́ta tí àmì wà nísàlẹ̀ wọn: ẹ, ọ àti ṣ. Lárúbáwá náà ní báù, jíímù àti yáù. Orí àwọn àmì wọ̀nyí gan-an ni ìlà ń gbà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ kéwú, ẹ pa àmì ìdí báù rẹ́ ní àárín ọ̀rọ̀, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá báù ni, tàbí táù, tàbí núnù. Ẹni tí ó fara balẹ̀ wá kódù, tí ó tẹ Ọ̀RỌ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, tí ó wá fa ìlà sí i nídìí, ó ti fi ọwọ́ òsì tú ohun tí ọwọ́ ọ̀tún dì. Àwọn bàbá wa ń kọ ilà sí ojú ọmọ kí a lè dá a mọ̀ láwùjọ. Ìlà tí ẹ̀yin ń fà yìí, kí a má baà dá àkọlé mọ̀ ni.

Ibi tí àkọlé jókòó sí

Ọ̀dọ́ kan yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò máa tẹ bọ́tìnì àyè, ká, ká, ká, títí àkọlé yóò fi dé ibi tí ojú rẹ̀ rò pé àárín ni. Yóò tẹ Enter nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àkọlé orí kejì lè bọ́ sí ojú ewé tuntun. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ó wá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Bébà tí ó yàn nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni Letter tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, sẹ̀ǹtímítà 21.59 ní ìbú àti 27.94 ní gígùn; bébà tí ó wà nínú ẹ̀rọ ní ọ̀hún ni A4, sẹ̀ǹtímítà 21 ní ìbú àti 29.7 ní gígùn. Tàbí kí kọ̀ǹpútà ọ̀hún má ní irú lẹ́tà tí ó lò. Gbogbo rẹ̀ yẹ̀ nípò. Àkọlé tí ó wà ní àárín ti lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àkọlé orí kejì ti ṣubú sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, òun nìkan bí ọmọ òrukàn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn bébà. Wọ́n ti tẹ ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan kí wọ́n tó rí i, owó sàárà àwọn ìyá wa ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́.

Àkọlé tí a fi àyè tì, kò jókòó. Wọ́n tì í dúró ni. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, yóò wó. Word ní ohun tí ó ń gbé àkọlé jókòó: Ctrl àti E yóò gbé e sí àárín, yóò sì wà ní àárín bí bébà tilẹ̀ yí padà. Ctrl àti Enter yóò ṣí ojú ewé tuntun láìka iye ìlà tí ó wà lókè. Bí ẹ bá fẹ́ kí àyè wà lókè àkọlé tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, Before àti After ń bẹ nínú Paragraph, ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Fún ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí a fẹ́ kí àkọlé wà ní àárín gbùngbùn bébà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ lọ sí Page Setup, ẹ yan Center níbi Vertical alignment. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti fi Section Break gé ojú ewé yẹn sọ́tọ̀ ná, kí ẹ sì rí i pé apá yẹn nìkan ni ẹ yàn án fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìwé ni yóò sá lọ sí àárín.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àwọn ẹni wa kì í fọwọ́ kàn. Ó ń jẹ́ Heading. Ẹ gbé ọwọ́ lé àkọlé, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti 1 pọ̀: Word ti mọ̀ nìyẹn pé àkọlé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán tí ó sanra. Kò ní jẹ́ kí ó dá wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé mọ́. Yóò máa fà á lọ bá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àtòjọ àkọlé níwájú ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó wọn jọ pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé wọn. Bí àwọ̀ búlúù tí ó fún un kò bá wù yín, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi Modify, gbogbo àkọlé ìwé náà yóò sì yí padà papọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ní àárín wa, àwọn kan wà tí ojú wọn kò ríran tí wọ́n sì ń ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ètò kan ń bẹ níbẹ̀ tí ń ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, NVDA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Australia ní ọdún 2006, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó ń lò ó lè fò láti àkọlé dé àkọlé títí yóò fi kan ibi tí ó ń wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin ti ń ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n Heading ni ètò náà ń wá. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà sísanra àti ìlà ni ẹ fi ṣe àkọlé, kò sí àkọlé kankan nínú ìwé yín fún ẹni yẹn. Láti Bísímílà dé ìparí, ọ̀rọ̀ kan gbọọrọ ni. Súrà Abasa sọ̀kalẹ̀ nítorí afọ́jú kan tí ó wá ìmọ̀ wá, Abdullah ọmọ Ummi Maktum. Ẹ̀yin tí ẹ há súrà náà sórí, ẹ ronú sí i nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fi bọ́tìnì àyè ti àkọlé.

Ta ni ó tóbi jù lórí bébà?

Èyí tí a fẹ́ sọ yìí, inú àwọn kan kò ní dùn sí i. Ẹ mú ìwé ìkéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ wọn lẹ́tà rẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ni ó wà lókè. Orúkọ alága ọjọ́ náà ni ó tẹ̀lé e, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ nínú agbádá: Alhaji, Olóyè, Bàbá Àdínì ibí, Ààrẹ Mùsùlùmí ọ̀hún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá ìsàlẹ̀, ìyá ìsàlẹ̀, olùgbàlejò àti akẹgbẹ́ olùgbàlejò. Lábẹ́ gbogbo wọn, nínú lẹ́tà tí ó kéré ju ti nọ́ńbà fóònù lọ, ni àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fara pamọ́ sí. A ha pe àwọn ènìyàn wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ni, tàbí wá wo agbádá? A mọ ìdí tí akọ̀wé fi ń ṣe é. Bí orúkọ olówó bá kéré, owó lè kéré. Ìdí yẹn gan-an ni ó ń bí wa nínú.

Ẹ wo bí àwọn tí ó ṣíwájú wa ti ń to orí ìwé. Nígbà tí ìwé Ànábì Sulaiman dé ọwọ́ obìnrin ọba ìlú Saba, gẹ́gẹ́ bí Súrà An-Naml ti ròyìn, orí ìwé náà ni obìnrin náà kọ́kọ́ sọ fún àwọn ìjòyè rẹ̀: ẹni tí ó ti wá, àti orúkọ Ọlọ́hun tí a fi ṣí i. Kí ó tó kan ohun tí Sulaiman ń fẹ́ ni ó ti pè é ní ìwé alápọ̀n-ọ́nlé. Ìwé tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ránṣẹ́ sí Hirakl ọba Róòmù, orúkọ Ọlọ́hun ni ó ṣíwájú, lẹ́yìn náà ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó pe ara rẹ̀ ní ẹrú Ọlọ́hun kí ó tó pe ara rẹ̀ ní òjíṣẹ́ Rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tí a kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀. Kò gùn, kò sì sí ẹni tí ó fara pamọ́ lẹ́yìn oyè.

Nínú tírà Kùránì pàápàá, àwọn ẹ̀dà àtijọ́ jù lọ kò ní àkọlé súrà. Àyè ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láàárín súrà méjì. Nígbà tí àwọn akọ̀wé wá ń kọ orúkọ súrà àti iye aaya rẹ̀, wọ́n fi wúrà tàbí tàdáwà pupa kọ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀nà yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀rọ̀ akọ̀wé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun. Àwọ̀ yẹn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ sọ fún wa, iṣẹ́ wo ni àwọ̀ mẹ́rin orí ìwé ìkéde yín ń ṣe?

Ní ti Bísímílà lórí ìwé ìkéde tí wọn yóò fi di ẹ̀pà lọ́la, tí yóò sì bọ́ sínú gọ́tà lọ́tùn-ún-la, èrò tiwa ni pé kí ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ fi ẹnu rẹ̀ wí i nígbà tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má kọ ọ́ síbẹ̀. Lórí ìwé ẹ̀rí, lórí lẹ́tà àti lórí ìwé tí ènìyàn yóò tọ́jú, kí a kọ ọ́, kí ó sì dá wà lókè. A mọ̀ pé àwọn àfáà mìíràn kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan yóò dìde báyìí, yóò ní ṣebí Ànábì fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n pa orí ìwé rẹ́ ní Hudaibiya. Òótọ́ ni. Ní ọdún kẹfà Hijra, èyí tí í ṣe ọdún 628, Suhail ọmọ Amr kọ̀ kí a kọ Bísímílà bí a ti ń kọ ọ́ sí orí ìwé àdéhùn, ó sì kọ̀ kí a pe Muhammad ní òjíṣẹ́ Ọlọ́hun níbẹ̀. Aliyu ọmọ Abu Talib tí ń kọ̀wé kò fẹ́ pa á rẹ́, Ànábì ni ó pa á rẹ́ fúnra rẹ̀, tí a sì kọ ọmọ Abdullah dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtàn náà ń sọ. Suhail mọ̀ pé ohun tí ó bá wà ní orí ìwé lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò fi lè fọwọ́ sí i. Aliyu mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀. Ànábì mọ ohun tí ó fi sílẹ̀, ó sì mọ ohun tí ó fi rà: àlàáfíà ọdún mẹ́wàá ni àdéhùn náà wí. Ẹ̀yin tí ẹ pa àmì orí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun rẹ́, kí ni ẹ fi rà?

Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́, kò sì nira. Nínú Word, ẹ tẹ 1EB8, kí ẹ tẹ Alt àti X pọ̀, Ẹ yóò jáde. 1ECC ni Ọ, 1E62 ni Ṣ. Fún lẹ́tà kékeré, 1EB9 ni ẹ, 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àmì ohùn òkè lé e, ẹ tẹ 0301 kí ẹ sì tẹ Alt àti X lẹ́yìn lẹ́tà náà. Ti ohùn ìsàlẹ̀ ni 0300. Bí àmì bá ń fò lójú òfuurufú tí kò bà lé lẹ́tà, irú lẹ́tà tí ẹ ń lò ni kò dára. Ẹ lo Charis SIL, kò gba owó. Kódù kan náà ni gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò lónìí, láti ara ètò Unicode tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, nítorí náà àwáwí pé “yóò dàrú tí ó bá dé kọ̀ǹpútà mìíràn” ti kú. Fún àkọlé Lárúbáwá, ẹ yan Right-to-Left kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì ìdánudúró yóò sá lọ sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí Lárúbáwá ní ìlà tirẹ̀, kí Yorùbá ní ìlà tirẹ̀. Ẹ má tò wọ́n pọ̀ sórí ìlà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ẹ̀rí ilé-kéwú, tí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sí òsì, tí ẹ fi Lárúbáwá sí ọ̀tún, ibo ni ẹ fi Yorùbá sí? Ìyá ọmọ tí ó san owó kéwú láti ọdún mẹ́jọ kò lè ka orí ìwé tí ó fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀.

Bí ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ìwé ìkéde táfísírì a máa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú oṣù Ṣaábáánì. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: kí ó tó rán iṣẹ́ náà lọ fún títẹ̀, kí ó kọ àkọlé nìkan sí bébà kékeré, kí ó gbé e fún ẹni tí kò mọ ohun tí táfísírì náà dá lé lórí, kí ó ní kí ó kà á sókè. Bí onítọ̀hún bá ka ogún sí ogun, kí ó gbé iṣẹ́ náà padà lọ síwájú kọ̀ǹpútà.